Etí nìkan ò tó fi ṣe kábúrétọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín ní Iléṣà níbí, tí ọ̀rọ̀ owó epo bá sì ti délẹ̀, ìjọba ni gbogbo wa máa ń bú, èmi náà máa ń bú wọn, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti epo tí àwa fúnra wa ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà dà nù.

Pijó 504 ni mò ń wà, bàámi ló fi sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná láyé ìgbà yẹn. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹ̀rù àtilọ-àtibọ̀ Ilé-Ifẹ̀ ti ń bà mí, owó epo wá lóṣòó tì mí bí òṣómàáló. Mẹkáníìkì mi, ọmọ dáadáa ni o, á yí súkúrúù kábúrétọ̀, ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò kó tó wọ ẹ́ńjìnì, síwá sẹ́yìn, á dẹtí, á gbóòórùn èéfín, á ní "Bàbá, ó ti dáa." Ó sì máa ń dùn létí lóòótọ́! Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn, torí ẹ́ńjìnì tí epo ẹ̀ fi díẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ a máa dún jẹ́jẹ́, kò ní gbọ̀n, etí á ní kò sí nkankan. Imú náà ò lè ràn wá lọ́wọ́, torí gáàsì tó ń tú àṣírí epo tó pọ̀ jù, èyí tí wọ́n ń pè ní CO, kò lóòórùn rárá, epo tí ò jóná tán là ń gbóòórùn ẹ̀.

Ẹ̀rọ wà tó ń yẹ èéfín wò. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà ò ridìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná lọ sóko, èmi náà ò kọ́kọ́ ridìí kí n náwó gidi, mo lọ ra kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́ yàrá tó máa ń ké tí gáàsì bá wọlé, mo tì í sẹ́nu sàlẹ́ńsà. Ó ké, ó ké, ó dákẹ́, kò sì tíì fọhùn títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé tirẹ̀, ìdá kan nínú mílíọ̀nù ló fi ń kà, tí CO bá tó 400 nínú yàrá ó yẹ kó ti pariwo kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, bẹ́ẹ̀ 1% péré nínú èéfín mọ́tò, 10,000 nìyẹn. Mo kàn fi ẹ̀rọ náà ṣòfò ni.

Tó bá jẹ́ mọ́tò kábúrétọ̀ lẹ ní, èyí tó ń ka CO nìkan ní % ti tó yín ṣiṣẹ́, tí sàlẹ́ńsà yín ò bá ṣáà ti jò. Ti onígáàsì mẹ́rin, tó ń ka CO, CO2, ọ́síjìn àti epo tí ò jóná, òun lèmi rà ní tòkunbọ̀, torí mo fẹ́ràn àtijókòó ti nkan. Àmọ́ ẹ má sanwó fún tòkunbọ̀ láìtàn án ní ìta gbangba níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́: ọ́síjìn gbọ́dọ̀ sún mọ́ 20.9, CO gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Tèmi ka 14, ẹni tó fẹ́ tà á ní ojú ọjọ́ ló fà á. Ojú ọjọ́ kọ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn inú ẹ̀ ló ti kú, kì í sábà ju bí ọdún méjì lọ, ì báà jẹ́ orí pẹpẹ lẹ gbé e sí. Mo gé owó lulẹ̀, mo ra sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lò ó, CO ka 2.8. Inú mi dùn, torí kábúrétọ̀ àtijọ́ bíi tèmi, 1 sí 3 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ nígbà tó bá ń síló, tí mọ́tò dúró tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, mo ní àṣé mẹkáníìkì yìí mọṣẹ́ gan-an, èmi ni mò ń ba orúkọ ẹ̀ jẹ́. Epo ò yéé gbẹ o. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó wo àwọn òǹkà yòókù dáadáa: ọ́síjìn 8, CO2 ò ju 7 àti díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnì tó ń jóná dáadáa máa ń fún wa ní 13 sí 15. Ọ́síjìn 8 látinú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́? Mo wọ abẹ́ mọ́tò, mo rí ihò lára sàlẹ́ńsà, ìpata ti jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ìta ló ń gba ibẹ̀ wọlé tó ń la èéfín mi bí ìgbà tí wọ́n bu omi sẹ́kọ mímu. Wẹ́dà lẹ ẹ́ pa, mo padà kà á, CO di 4.5, ọ́síjìn ò tó 1. Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn! Mo wá fi súkúdíráfà yí súkúrúù kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí lẹ́ẹ̀kan, kí n dúró kí òǹkà fìdí kalẹ̀ kí n tó tún yí i, títí ó fi bọ́ sí 1.8. (Tí sàlẹ́ńsà ò bá jò, tí ọ́síjìn àti epo tí ò jóná sì jọ lọ sókè, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò, ọ̀kan ti ń sùn.)

Kẹ́ ẹ tó ki ọ̀pá ẹ̀rọ yìí bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ẹ wa mọ́tò yípo ìlú kí ẹ́ńjìnì gbóná, kí ṣóòkì kábúrétọ̀ (choke, tí a fi ń tan ẹ́ńjìnì tútù) ti kúrò, ẹ gbọn fílítà afẹ́fẹ́ torí eruku ọyẹ́ nìkan tó mú epo pọ̀ jù. Ẹ ti ọ̀pá ẹ̀ wọlé tó bí ẹsẹ̀ bàtà kan, omi inú páìpù ò gbọdọ̀ dénú ẹ̀rọ. Ìta gbangba sì ni o, kì í ṣe nínú gáréèjì tẹ́ ẹ tìlẹ̀kùn torí ọyẹ́. Gáàsì tí jẹnẹrétọ̀ fi ń pa ìdílé lóru náà nìyí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ gbapò ọ́síjìn, ẹni tó ń pa ò ní mọ̀.

Àwọn oní-injector, tí mọ́tò wọn ò lo kábúrétọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní súkúrúù kankan láti yí, scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kọ̀ǹpútà mọ́tò, ni kẹ́ ẹ wá. Tí catalyst bá sì ṣì wà lábẹ́ mọ́tò yín, ó ti fọ èéfín yẹn kó tó jáde, òǹkà tó dáa níbẹ̀ ò sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń jẹun. Mo ní tó bá ṣì wà, torí wọ́n ń gé e tà láìsọ fólówó mọ́tò.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé ni pé ẹ̀rọ yìí wọ́n fẹ́nìkan, kò wọ́n fún ọgbà mẹkáníìkì kan. Kí wọ́n dá àjọ rà á, kí wọ́n máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun wò ó. Mo ti sọ fún wọn ládùúgbò wa, mẹkáníìkì mi ti ní òun á dá tòun, àwọn yòókù ní kí n kọ́kọ́ gbé tèmi wá kí wọ́n fi máa dán an wò ná.

Èmi ni tiyín,
Onípijó kan ní Iléṣà.