Ẹ má fo ọdún 2001 nínú ìtàn Jerzy Buzek

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbàkígbà tí àwọn oníròyìn bá dárúkọ Jerzy Buzek ti Póláǹdì, ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ tí ó ti wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníísì rí tí ó di Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù, ní oṣù Keje ọdún 2009. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti jinlẹ̀ jù ni wọ́n ń fò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ni, òun ni ó sì darí ìpàdé àpapọ̀ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Solidarność ní Gdańsk ní 1981. Nígbà tí ó di Alákòóso Àgbà ní 1997, ó dáwọ́ lé àtúnṣe ńlá mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà: ètò ìlera, ilé-ẹ̀kọ́, owó ìfẹ̀yìntì àti ìṣàkóso ìbílẹ̀, níbi tí ó ti sọ ìpínlẹ̀ 49 di 16. Kò sí agbo ilé tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn, ara sì ń ni àwọn ènìyàn. Nígbà tí ìbò 2001 dé, ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ rí, nígbà tí òfin ń béèrè ìdá 8. Wọn kò rí àga kan ṣoṣo mú ní Sejm, ilé aṣojú-ṣòfin wọn.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Buzek padà sídìí iṣẹ́ yunifásítì. Ní 2004, tí Póláǹdì wọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ó jáde du ipò aṣòfin Yúróòpù ní Silesia, ènìyàn 173,389 sì dìbò fún un. Ìyanu ni èyí jẹ́ fún mi títí di òní, nítorí agbègbè àwọn awakùsà èédú ni Silesia, ìjọba rẹ̀ gan-an ni ó sì ti ọ̀pọ̀ ibi ìwakùsà wọn pa. Ojú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn ni ó padà sí, kò wá ibi tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n lọ.

Nígbà tí ó fi ipò Ààrẹ sílẹ̀ ní oṣù Kínní 2012, ó tún jókòó láàárín àwọn aṣòfin yòókù, ó sì ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ilé-iṣẹ́, ìwádìí àti agbára iná láti 2014 sí 2019.

Bí ẹ bá tún máa kọ nípa rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọdún 2001 síbẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Abẹ́òkúta.