Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Tú Ẹ́ńjìnì Rẹ

Ìsẹ́yìn.

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyá Ìbejì ńkọ́? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Inú mi kò dùn rárá sí ohun tí o sọ nípa ọwọ́ òsì rẹ, pé tó bá ti di ọ̀sán ó máa ń kú, pé àwọn ìka kì í fẹ́ ká mọ́, àfi kí o fi omi gbígbóná jó o lálẹ́ kí o tó lè sùn. Ọwọ́ tí o fi ń bọ́ ilé rẹ ni. Ẹni tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò káàkiri Parakou lórílẹ̀-èdè Benin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò gbọdọ̀ máa bá ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì tó le jìjàkadì, ìyẹn irin tí a máa ń fi ọwọ́ òsì fà kí a tó yí jíà.

Ohun tó jẹ́ kí n tètè kọ̀wé ni ti mẹkáníìkì tó ní pélétì kílọ́ọ̀ṣì, àwọn àwo inú ẹ́ńjìnì tí ọwọ́ náà ń darí, ti jẹ tán, pé òun fẹ́ tú ẹ́ńjìnì. Jọ̀wọ́, má tíì dá a lóhùn. Pélétì tó bá jẹ kì í mú kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì le. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé ẹ́ńjìnì á máa pariwo, máṣíìnì kò ní lọ bó ṣe yẹ, pàápàá tí o bá gbé èrò gun òkè. O kò sọ fún mi pé ọ̀kadà Boxer rẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Líle nìkan ni o ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Fi jíà sí fírì, pa ẹ́ńjìnì. Tú nọ́ọ̀tì tó di kébù, okùn irin tó so ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ẹ́ńjìnì, mú nísàlẹ̀, kí o yọ orí kébù kúrò lára apá irin kékeré tó máa ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Wá fa ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì lókè. Bó bá ṣì le, ẹ́ńjìnì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kébù ni, tàbí ìdí ọwọ́ náà. Bó bá wá rọ̀ wẹ́rẹ́, yí ojú sí apá irin nísàlẹ̀ yẹn. Fi ọwọ́ tì í. Sípíríǹgì inú á bá ọ ja díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ padà fúnra rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá ń lọ́ra, ẹrẹ̀ àti ìpẹtà ti há a níbi tó ti wọ inú ẹ́ńjìnì.

Nínú ọ̀pọ̀ máṣíìnì tí wọ́n ń gbé wá bá mi, kébù ló máa ń jẹ́. Yọ ọ́ lókè náà: yí ojú ihò tó là lára nọ́ọ̀tì àti ti skúrù tí a fi ń tún kébù fà kó bá ti ilé ọwọ́ mu, kébù á sì jáde láìjẹ́ pé o fipá fà á. Wá wo orí rẹ̀ dáadáa lójú oòrùn. Okùn irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n lọ́ pọ̀. Bí ẹyọ kan bá ti já nínú wọn, má fi ọ́ìlì ṣòfò, jù ú nù. Èyí tó já yẹn á máa ha inú ọ̀pá kébù, òun ló ń mú kó le. Tó bá sì di ọjọ́ kan, ìyókù á já lójú títì nígbà tí jíà wà nínú.

Bó bá ṣì pé, fi kọ́ sára ògiri. Di ọ̀rá mọ́ orí rẹ̀ lókè, kí o máa kán ẹ́ńjìnì ọ́ìlì sí i díẹ̀díẹ̀, kí o máa fa okùn inú lọ sókè sódò. Omi dúdú tó dà pọ̀ mọ́ ìpẹtà ni yóò kọ́kọ́ jáde nísàlẹ̀. Má dáwọ́ dúró títí tí ọ́ìlì tó mọ́ yóò fi kán. Gírísì kọ́ o! Gírísì máa ń gbá eruku mọ́ra, ó sì máa ń dì nígbà ọyẹ́, ọyẹ́ tiyín lọ́hùn-ún sì le ju tiwa lọ. Ìdí ọwọ́ ni gírísì wà fún: tú bóòtù rẹ̀, nu ẹ̀gbin àtijọ́ kúrò, fi gírísì tín-ín-rín sí i, má sì dì í jù.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí kébù gbà ṣe pàtàkì, àwọn mẹkáníìkì kì í sì fẹ́ fara balẹ̀ wò ó. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ wá láìpẹ́ yìí, kébù tuntun ni, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó le. Mo yí orí máṣíìnì sí ọ̀tún, mo rí i tí kébù ṣẹ́ bí ìgbúnwọ́ lẹ́yìn iná iwájú. Wọ́n ti fi rọ́bà so ó mọ́ irin. Mo gé rọ́bà náà, mo gba ọ̀nà tó yẹ fún un. Ẹni tó ni ín jókòó, ó fi ìka méjì fà á, ó tún fà á, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Nítorí náà, yí orí tìrẹ sí òsì àti sí ọ̀tún kí o sì máa wò ó.

Tí o bá dá a padà, jẹ́ kí ọwọ́ ní àyè díẹ̀ láti mì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa nǹkan, bíi mìlímítà 2 sí 3 níbi ìdí rẹ̀. Bí kò bá sí àyè yẹn, pélétì á máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀, á jó, ohun tí mẹkáníìkì rẹ sọ á wá ṣẹ. Gé rọ́bà túùbù àtijọ́ kí o fi bo orí kébù lókè, kí òjò àti eruku má baà wọlé. Níbi tí ọkọ̀ bá ti há, má máa di kílọ́ọ̀ṣì mú, fi jíà sí fírì kí ọwọ́ sinmi.

Bó bá jẹ́ kébù tuntun ni o nílò, mú àtijọ́ dání lọ sí ọjà Arzèkè, kí wọ́n fi wọn gígùn rẹ̀. Bí o kò bá rí èyí tó dáa, sọ fún mi, màá fi rán ẹni tó bá ń gba Ṣakí bọ̀. Fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tí o bá yọ kébù nísàlẹ̀, kí o sọ bó ṣe rí fún mi, kí o tó sọ ohunkóhun fún mẹkáníìkì yẹn.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì, kí o sì fọwọ́ kan àwọn ọmọ lórí fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìsẹ́yìn.