Ẹ̀sùn: 414H mi (owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ ìjọba) tí ẹ fò dá nínú fọ́ọ̀mù owó orí New York fún ọdún mẹ́ta

Sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo kọ́kọ́ kí yín torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, àmọ́ inú ń bí mi gan-an, mi ò sì ní fi pa mọ́. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí torí ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára gíláàsì iwájú ọ́fíìsì yín ní Bronx pé ẹ ń gbọ́ Yorùbá, ohun tó sì jẹ́ kí n máa gbé fọ́ọ̀mù owó orí mi wá fún yín láti ṣe láti 2019 nìyẹn, mo ní tí nǹkan kan ò bá yé mi màá lè fi ẹnu ara mi béèrè ẹ̀. Mo sì béèrè lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Nínú oṣù kejì ọdún 2025 yìí, mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé láàárọ̀, mo ṣí àpótí lẹ́tà, mo bá lẹ́tà ọ́fíìsì owó orí Ìpínlẹ̀ New York níbẹ̀, mi ò tíì bọ́ kóòtù tí mo fi já a. Wọ́n ní owó tó wọlé fún mi tí mo kọ sílẹ̀ fún 2021, 2022 àti 2023 ò pé, pé mo ṣì jẹ ìpínlẹ̀ àti ìlú New York ní 758 dọ́là, èlé orí ẹ̀ sì jẹ́ 112, gbogbo ẹ̀ wá di 870 dọ́là. Àyà mi já pà. Orí àtẹ̀gùn níbẹ̀ ni mo jókòó sí. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà mi ò jẹ ìjọba ní sẹ́ǹtì kan rí, mi ò parọ́ iye tí mò ń gbà rí, ẹ wá wo lẹ́tà tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé mo fi owó pamọ́.

Mi ò sùn lọ́jọ́ náà. Mo kó gbogbo W-2 mi jáde, ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń kọ owó tí mo gbà lọ́dún àti èyí tí wọ́n yọ, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì ìdáná pẹ̀lú àwọn IT-201, fọ́ọ̀mù owó orí Ìpínlẹ̀ New York tí ẹ bá mi ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n wé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ni mí ní ọsibítù ìjọba ìlú, ọdún 2017 ni wọ́n gbà mí, Tier 6 la wà nínú ètò ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ìpele kẹfà, àwa tí a wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2012 wá. Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ lára wa kì í ṣe ohun tí a yàn, dandan ni, wọ́n sì ń yọ ọ́ títí a óò fi fiṣẹ́ sílẹ̀, láti 3 nínú ọgọ́rùn-ún dé 6 bí owó oṣù ẹni bá ṣe tó. Tèmi, 4.5 ni. Iye tí wọ́n yọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan wà nínú box 14 lórí W-2, wọ́n kọ 414H síwájú ẹ̀. Ti 2021 jẹ́ 2,480 dọ́là, ti 2022 jẹ́ 2,610, ti 2023 jẹ́ 2,790. Ẹ ṣírò ẹ̀, 7,880 dọ́là ni.

Ẹ wá ṣí IT-201 tí ẹ ṣe fún mi, ẹ lọ sí ìlà 21. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé owó ìfẹ̀yìntì 414(h) àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, láti inú W-2 yín. Òfìfo ni ní 2021. Òfìfo ni ní 2022. Òfìfo náà ni ní 2023. Èyí tó wá dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé IRC125, ìyẹn owó ìlera àti irú ẹ̀ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, wà nínú box 14 kan náà, ó wà lókè 414H gan-an, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara wọn, IRC125 yẹn ẹ rí i, ẹ fi kún owó mi fún New York bó ṣe yẹ, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lẹ fi kún un. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù mi wo inú box 14, ó ka ìlà kan, ó fi èyí tó tẹ̀ lé e sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n rán yín létí ọjọ́ tí mo wá lóṣù kẹta 2022. Ọjọ́ Sátidé ni, èrò pọ̀, àwọn kan wà lórí ìdúró títí dé ẹnu ọ̀nà, arákùnrin tó máa ń jókòó sí tábìlì kejì ló dá mi lóhùn, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Bó ṣe ń tẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà ni mo fi èékánná mi sábẹ́ ibi tí wọ́n kọ 414H sí, mo ní ẹ jọ̀ọ́, èyí ńkọ́, kí nìyí? Ó wò ó fìrí, ó ní "Àǹtí, owó ìfẹ̀yìntì yín ni, bíi 401(k) ni, wọn kì í gba tax lórí ẹ̀." 401(k) tó sọ yìí ni owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni máa ń yàn láti fi pamọ́. Mo ní ṣé ó dá ẹ lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ẹ ò rí i ni, box 1 tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ àti box 16 tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ dọ́gba, tí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ gba nǹkan kan lórí ẹ̀ ṣebí box 16 ì bá ju box 1 lọ. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi, ẹni tó wà lẹ́yìn mi sì ti ń sún mọ́ wa, mo bá dákẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, èmi béèrè o, lọ́wọ́ ẹni tí mo sanwó fún pé kó mọ ọ̀nà.

Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó orí lórí 414H lọ́dún tí wọ́n yọ ọ́, ìdí tí kò fi sí nínú box 1 nìyẹn. Àmọ́ New York ń gbà á ní tiẹ̀. Box 16 tí arákùnrin yẹn gbójú lé, New York fúnra ẹ̀ ló ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ kọ iye tó wà ní box 1 síbẹ̀ bó ṣe rí, torí náà kò sí bí box 16 ṣe máa ta ẹnikẹ́ni lólobó láé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti wo box 14. Àbí kó tiẹ̀ wo box 5, ti Medicare, ètò ìlera àwọn àgbàlagbà, torí 414H ṣì wà nínú ìyẹn: lórí W-2 mi ti 2023, mo yọ box 1 kúrò nínú box 5, ohun tó kù jẹ́ 2,790 géérégé. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kí n máa yí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, mo rí i pẹ̀lú bírò àti ìwé lórí tábìlì ìdáná lẹ́yìn wákàtí méjìlá lẹ́nu iṣẹ́. Kí ló ṣe tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba owó lọ́wọ́ mi fún iṣẹ́ yìí ò rí i?

Mi ò bínú sí òfin yẹn o, torí nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo rí i pé ó ní ìdí. Tí mo bá fẹ̀yìn tì, pẹ́ńṣàn tí màá máa gbà lọ́wọ́ ìjọba ìlú, New York ò ní gba sẹ́ǹtì kan lórí ẹ̀, ìjọba ìlú náà ò ní gbà. Wọ́n ń gbà á nísinsìnyí kí wọ́n má baà gbà á nígbà yẹn. Kò burú, màá san án. Ṣùgbọ́n kí n san án lọ́dún tó yẹ, látinú owó oṣù tó yẹ, kì í ṣe kó wọ́ jọ fún ọdún mẹ́ta kó wá já lù mí lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú èlé, lóṣù tí mo fẹ́ sanwó ilé-ìwé ọmọ.

Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, obìnrin tó gbé e ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀, ó ní tí mo bá san 150 dọ́là ẹ máa bá mi ṣe IT-201-X, fọ́ọ̀mù àtúnṣe, fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ló dé tí màá fi sanwó kí ẹ tó tún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín bà jẹ́ ṣe? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ìlànà yín. Ó tún ní ṣebí W-2 mi ni, ó yẹ kí n yẹ fọ́ọ̀mù náà wò kí n tó fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju owó lọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, mo nàka sí i, ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń já mi láyà ni pé mi ò rò pé èmi nìkan ni. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìjọba pọ̀ nínú àwọn kásítọ́mà yín, mo máa ń rí wọn níbẹ̀, àwọn tíṣà, àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì bíi tèmi, gbogbo wa ló ní 414H. Ẹ tún ń ṣe ti àwọn tó ń gbé New Jersey. Àbúrò mi wà ní Newark, 403(b) ni tiẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì mìíràn tó jọ 401(k), New Jersey sì ń gba owó orí lórí ìyẹn, 401(k) nìkan ni wọn kì í gbà á lé lórí, tí ẹ bá sì sọdá sí Pennsylvania, àti 401(k) náà ni wọ́n ń gba owó orí lé lórí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Tí òṣìṣẹ́ yín bá rò pé gbogbo owó ìfẹ̀yìntì jẹ́ ọ̀kan náà, àṣìṣe tiẹ̀ ò lè mọ sórí fọ́ọ̀mù mi. Mo ti sọ fún àbúrò mi kó lọ wo box 16 tiẹ̀, torí ti New Jersey kì í ṣe bíi ti New York, bóyá iye yẹn lẹ lò.

Nítorí náà, ohun tí mò ń fẹ́ nìyí, sà. Ẹ bá mi ṣe àtúnṣe ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́, tí ọ́fíìsì owó orí bá sì ní lẹ́tà tí wọ́n kọ ti tó, kí ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lórúkọ ilé-iṣẹ́ yín pé ẹ̀yin lẹ fò ó, pé èmi kọ́ ni mo fi pamọ́. 758 dọ́là jẹ́ owó tí mo jẹ, màá san án, mi ò sọ pé kí ẹ bá mi san án. Èlé 112 dọ́là yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dá padà fún mi, torí àṣìṣe yín ló bí i. Kí ẹ tún dá owó iṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi fún ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, mo ní rìsíìtì gbogbo ẹ̀. Ẹ wá wo fáìlì gbogbo ẹni tó ní 414H nínú box 14, ẹ pè wọ́n kí ìjọba tó kọ̀wé sí wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kódà tí ẹ ò bá tíì dá tèmi lóhùn.

W-2 mi ti 2024 ti wà lọ́wọ́ mi. Mi ò ní gbé e wá sọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí. Mo so ẹ̀dà W-2 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, IT-201 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti lẹ́tà ìjọba mọ́ èyí, mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ 414H níbi gbogbo tó wà. Ọ́fíìsì owó orí fún mi ní ọjọ́ tí mo gbọ́dọ̀ fèsì, torí náà mò ń retí ìpè yín láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, torí àárọ̀ ni mo máa ń sùn. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ obìnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́sí ló máa pè mí. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pè mí, sà.

Èmi ni,
kásítọ́mà yín láti 2019