Orúkọ ilé bàbá Sarah

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé kò sí o? Mo pè títí, o ò gbé e, àyà mi ti ń já kí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ tó wọlé. Àṣé orúkọ ilé bàbá Sarah, ìyá ńlá ìdílé ọkọ rẹ, lò ń wá! Bí ìyá ọkọ rẹ bá tún rojọ́ rẹ lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wá bá mi.

Ìyàwó àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kentucky l'Amẹ́ríkà: gbogbo yín mọ orúkọ ọkọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ti bàbá rẹ̀. Má fi ìwé ìkànìyàn 1840 sẹ́yìn dá ara rẹ láàmú, orúkọ olórí ilé nìkan ni wọ́n ń kọ. 1850 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú. (Ká ní ẹrú ni Sarah, 1870 lò bá tó rí i, ìyẹn wàhálà mìíràn.) Ti 1890 fẹ́rẹ̀ẹ́ parun tán lẹ́yìn iná Washington ọdún 1921.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ìkànìyàn 1900 bi àwọn abiyamọ pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, mélòó ló kù láyé. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ iye tí o kò tíì rí. Láti 1911 ni gbogbo Kentucky ti ń kọ ìwé ẹ̀rí ikú, àyè sì wà níbẹ̀ fún orúkọ ìyá olóògbé kó tó lọ́kọ. Gba ti gbogbo ọmọ. Ṣọ́ra, àna tàbí ọmọ-ọmọ lè jẹ́ ẹni tó dáhùn ìbéèrè inú ìwé náà, ó sì lè sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu.

Ní kóòtù káúńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), bèèrè ìwé onígbọ̀wọ́ ìgbéyàwó, èyí tí ọkọ àti onígbọ̀wọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó so yìgì. Ẹni tó ń gbọ̀wọ́ fún ọkọ sábà máa ń jẹ́ bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ìyàwó. Láyé ìgbà yẹn, bí ọmọbìnrin kò bá tíì pé 21, bàbá á kọ ìwé ìyọ̀ǹda. Bébà kékeré yẹn lè má sí nínú atọ́ka rárá, àfi kí o ní kí wọ́n tú fáìlì. Ṣọ́ra o: bí Sarah bá ti ṣe opó rí, orúkọ ọkọ àkọ́kọ́ ni wàá bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì gé káúńtì náà lára òmíràn, ọ̀dọ̀ ìyá káúńtì ni ìwé àtijọ́ wà. Tí orúkọ bá jáde, ka àwọn aládùúgbò ọkọ rẹ̀ nínú ìkànìyàn, ojú ìwé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ọmọ oko kì í sábà lọ jìnnà lọ fẹ́ra. Lẹ́yìn náà, wá ìwé ogún ọkùnrin tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn: "ọmọ mi Sarah, aya Lágbájá".

Bísí ti bí ọkùnrin. Ẹ̀yìn mi ti sàn. Owó ilé ti tún lé.

Ti Bíbélì ìdílé tí ojú ìwé rẹ̀ ya kúrò yẹn ńkọ́? Ṣé ìyá ọkọ rẹ àti ẹ̀gbọ́n wọn kò tíì máa kí ara wọn nítorí rẹ̀? Kí wọ́n rọra o. Opó ológun ní láti fi ẹ̀rí hàn pé òun fẹ́ olóògbé kó tó gba owó opó, àwọn kan sì ya ojú ìwé ìdílé kúrò nínú Bíbélì, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Washington. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, nínú fáìlì. Ó lè jẹ́ Sarah fúnra rẹ̀ ni olè tí wọ́n ń wá!

Mo lè lọ wò ó ní ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀, kò jìnnà sí mi. Ṣùgbọ́n bá mi wádìí bóyá ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni ọkọ Sarah ti jagun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín 1861 sí 1865. Àwọn tó jà fún apá Gúúsù kò sí nínú fáìlì yìí. Fi orúkọ rẹ̀ ní kíkún, nọ́ńbà rejímẹ́ǹtì (ẹgbẹ́ ọmọ ogun) rẹ̀ àti lẹ́tà kọ́ńpìnnì (ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà) rẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ nìkan kò tó, àwọn John ti pọ̀ jù.

Kí o sì máa gbé fóònù.

Èmi ni,
Ìyábọ̀