Lórí Òkè-Ààrẹ, Ẹnì Kan Ò Sọ̀rọ̀ Ààrẹ

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló bí mi tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, inú náà ò sì tíì rọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ àbúrò mi tó wá láti Èkó lọ gun Láyípo, ilé gíga ìrántí tó wà lórí Òkè-Ààrẹ ní Ìbàdàn. Ọkùnrin kan ló ṣáájú wa. Àtẹ̀gùn 47 la gùn, ọ̀rọ̀ Bower ni títí a fi dé òkè: Bower ni ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, láti 1893 dé 1897, Bower ni wọ́n fi ilé náà ṣe ìrántí rẹ̀ ní 1936, Bower ṣe tibí, Bower ṣe tọ̀hún. Ni èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà bá bi í pé, "Bọ̀dá, Ààrẹ wo ni wọ́n fi sọ òkè yìí lórúkọ?" Ó ní òun ò mọ̀, pé ká tètè ya fọ́tò wa.

Lórí Òkè-Ààrẹ, ẹni tó ń mú àlejò káàkiri ò mọ Ààrẹ! Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tó kó ogun Ìbàdàn lọ sí Kírìjì, tó sì kú sí ojú ogun náà ní 1885, ni wọn ò rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ nípa rẹ̀ ní ìloro agbo ilé rẹ̀.

Mi ò bá ọkùnrin náà wí. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ ni mò ń bá wí, àwọn tó ń ṣèpàdé lórí ìrìn-àjò afẹ́ lọ́dọọdún, tí wọn ò jẹ́ fẹsẹ̀ ara wọn gun òkè náà kí wọ́n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ilé tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60 ni. Téèyàn bá dúró sókè, á rí àwọn páànù tó ti dípẹtà láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, á rí gbọ̀ngàn Mápó pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ lórí òkè tirẹ̀, á rí Cocoa House tó yọrí ní Dùgbẹ̀. Ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀, ìtàn àjèjì nìkan ni wọ́n ń kà níbẹ̀.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ti Bower, kí wọ́n sọ ọ́ tán. Bower yìí kan náà ló yìn àgbá lu ìlú Ọ̀yọ́ ní oṣù Kọkànlá 1895, láyé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ọmọ Yorùbá ń gun ilé ìrántí rẹ̀, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, wọn ò gbọ́ èyí rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní Ààrẹ náà ní àléébù, pé ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ikú Ẹfúnṣetán Aníwúrà, pé ojú àwọn ará Èkìtì rí màbo lọ́wọ́ àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Kí wọ́n sọ ìyẹn náà.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ ìtọ́jú Láyípo lé àwọn agbo ilé tó wà lórí òkè náà lọ́wọ́. Kí àwọn mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbo ilé, yan àgbà tó mọ ìtàn, kí wọ́n fi ọ̀dọ́ tì wọ́n kí ìmọ̀ náà má bàa bá wọn lọ. Kí àwọn olùkọ́ ìtàn bá wọn jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ti Ààrẹ, ti Bower, ti ogun, kó sì wà lára ògiri níbi tí ojú ọmọdé á tó. Kí ìyá kan tó mọ oríkì Látòósà máa kì í fún àlejò lókè. Kí rìsíìtì wà fún owó ẹnu ọ̀nà, kí ìdá kan nínú rẹ̀ máa tún gọ́tà àti ojú ọ̀nà àdúgbò ṣe, kí wọ́n sì máa kọ iye tó wọlé lóṣooṣù síta kí gbogbo ayé rí i. Àwọn tí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn ni eruku ọkọ̀ àlejò ń bá, kò sóhun mìíràn tó ń kàn wọ́n.

Kí wọ́n ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kí wọ́n wá ibi ìjókòó fún àgbàlagbà, nítorí àtẹ̀gùn tó ń yí po yẹn ń mú orúnkún. Ní ti orúkọ Bower, kí wọ́n yọ ọ́ tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀, ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù.

Ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, kí àwọn tó ń ṣàkóso ibẹ̀ lè pe àwọn mọ́gàjí Òkè-Ààrẹ jókòó kí ọdún yìí tó parí.

Èmi ni,
Ọmọ Ìbàdàn,
Bẹẹrẹ.