Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì Ọmọ Mi, Ẹ Má Gba Kọ́kọ́rọ́ Wọ́ọ̀dù Tí Ẹ Kò Tíì Mọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ti ka lẹ́tà yìí, bóyá nínú mọ́tò lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, nítorí náà n ò ní fi ìkíni dá yín dúró. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, òun náà ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọ kan wà tí mo mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní dárúkọ ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ gidi ni, kò tíì pẹ́ tó gba lísẹ́ńsì. Wọ́ọ̀dù àwọn ọkùnrin ni wọ́n fi í sí, níbi tí nọ́ọ̀sì méjì ti ń dojú kọ ọgbọ̀n aláìsàn, onítọ̀ ṣúgà, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó tún ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn tó ń gba nọ́ọ̀sì lọ sí òkè òkun fẹ́ràn ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù. Ló bá wá ẹni tó mọ èèyàn ńlá kan. Lẹ́tà dé láti òkè, ọ̀gá àgbà àwọn nọ́ọ̀sì kò lè ní òun kò gbọ́, orúkọ ọmọ sì jáde nínú lísìtì àyípadà wọ́ọ̀dù tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé àwọn àgbà ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Kò pẹ́, ẹnì kan lọ fún ìsinmi ìbímọ, físà ẹlòmíràn jáde, ni wọ́n bá kọ orúkọ ọmọ yìí sí iṣẹ́ alẹ́. Lóru ọjọ́ kan, iná lọ. Nígbà tí jẹnérétọ̀ yóò fi gbé e, gbogbo ẹ̀rọ ti ń ké. Ọmọ yìí rò pé iná tó lọ tó bọ̀ ló fa gbogbo ariwo náà, ó sì ń tẹ̀ wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ ògiri kì í ṣe ti iná. Rọ́bà tó ń gbé èémí wọ ọ̀fun bàbá tó wà níbẹ̀ ló ti já kúrò lára ẹ̀rọ. Atẹ́ńdàǹtì àgbà kan tó wọlé wá gbálẹ̀ ló rí i pé àyà bàbá kò gbé mọ́, ló bá kígbe. Wọ́n rí i gbà padà. Àmọ́ bàbá tí a ti ń retí pé yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé kò dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ọmọ wa sì wà nílé pẹ̀lú kúérì lọ́wọ́, ó ń retí ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ìyá rẹ̀ ní kì í jẹun.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ju èyí lọ: ẹ ń wọ ibi tí ẹ kò tíì mọ̀, ẹ sì ń gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kí ẹ jókòó sójú kan títí ẹ ó fi gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Wọ́ọ̀dù kan lè sú èèyàn. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò gbọdọ̀ máa gbé aláìsàn egungun kiri. Aboyún kò ní iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yàwòrán onítànṣán tàbí níbi tí wọ́n ti ń po oògùn jẹjẹrẹ. Ẹni tí ọ̀gá kan ń fi ọwọ́ pa lára lọ́nà tí kò yẹ, kó tètè kúrò níbẹ̀, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ má bàa kó sí i. Bí iṣẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ bá sì ń wu èèyàn láti inú wá, kó tọrọ rẹ̀. Èmi náà ti wà lórí àga ẹni tó ń pín nọ́ọ̀sì sí wọ́ọ̀dù, mo sì máa ń fi inú dídùn fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá ń lé yín?

Nígbà tí wọ́n gbé mi láti wọ́ọ̀dù ọmọdé lọ sí tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, mo ti rò pé mo mọ iṣẹ́. Mo lè fa omi sí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lára láìgún un lẹ́ẹ̀mejì. Sísítà, nọ́ọ̀sì àgbà tó wà ní tíátà nígbà náà, obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í pariwo, wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, “Ìwọ, kíkà ni tìrẹ.” Gọ́ọ̀sì, aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, ni mò ń kà. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń dì wọ́n. A ó kà wọ́n kí abẹ tó kan ara, a ó kà wọ́n kí dókítà tó rán inú, a ó tún kà wọ́n kó tó rán awọ. Abẹ́rẹ́ náà bẹ́ẹ̀, síṣọ́ọ̀sì náà bẹ́ẹ̀. Ara mi kò gbà á. Mo ní ṣé torí kí n lè máa ka aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ ni mo ṣe lọ sílé ìwé.

Lọ́jọ́ kan, gọ́ọ̀sì kan kù. Dókítà oníṣẹ́ abẹ ọjọ́ náà kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni ń dá lóhùn, ọ̀gá àwọn ọ̀gá ni. Ó ní kò kù sínú, òun ti wò ó, kí wọ́n gbé okùn wá fún òun. Sísítà kò gbé okùn. Ó dúró, ó ká ọwọ́ sáyà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ku ọ̀kan.” Dókítà bínú, ó sọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Obìnrin yìí kò gbin, kò sì gbé okùn. Ìgbà tí dókítà fi ìbínú ki ọwọ́ bọ inú aláìsàn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ ni gọ́ọ̀sì wà. Gbogbo tíátà dákẹ́. Obìnrin tó wà lórí tábìlì, alárọ̀ọ́bọ̀ tó ní ọmọ kéékèèké nílé, kò mọ̀ títí dòní pé kíkà ló gba òun là. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ní kí n ka yanrìn, mà á kà á.

Kì í ṣe ìwé ló kọ́ mi ní èyí, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni mo dúró sí títí ó fi wọ̀ mí lára. Kò sí ẹni tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù DDA (ibi tí wọ́n ń ti àwọn oògùn tó léwu mọ́) kankan ní gbogbo ìgbà yẹn, n kò sì béèrè.

Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó fi ń pa èèyàn. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí. Ní lébà wọ́ọ̀dù, ẹ̀jẹ̀ ni: ìyá ìkókó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gba ìkíni, ẹ̀jẹ̀ ń dà lábẹ́ aṣọ, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ yóò ká aṣọ wò, yóò fọwọ́ kan ikùn bóyá ilé ọmọ ti le. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ìkókó tí oṣù wọn kò pé, òtútù ni, àti ṣúgà tó ń lọ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Aro, ọsibítù àwọn alárùn ọpọlọ, ẹni tó dákẹ́ lójijì lẹ́yìn ìbànújẹ́ gígùn, tó ń pín aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í yọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá, ṣe ni yóò jókòó tì í. Ní ICU, ìgò kékeré pòtásíọ́mù kan wà tó jọ ìgò omi abẹ́rẹ́ bí ìbejì. Ẹni tó bá fà á sí iṣan láìpò ó pọ̀ mọ́ omi púpọ̀, ọkàn aláìsàn yóò dúró kó tó bọ́ abẹ́rẹ́ kúrò. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni lẹ́tà èèyàn ńlá lè kọ́ yín?

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ilé ẹ̀kọ́ àfikún. Àwọn tó fẹ́ mọ̀ nípa egungun ń lọ sí Ìgbóbì l'Ékòó. Àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ ń lọ sí Aro l'Abẹ́òkúta. UCH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì n'Ìbàdàn, ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ tíátà. Ẹ lọ. Ẹ tọrọ àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọsibítù yín, bí wọn kò bá fún yín lọ́dún yìí, ẹ tún tọrọ.

Ẹ máa ní, “Màmá, ayé ti yí padà, gbogbo wa ń lọ sí òkè òkun.” Mo mọ̀. Ọmọ tèmi náà wà níbẹ̀. Mo rí i nígbà tí Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí gbé ìwé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí òun fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì lẹ́yìn lísẹ́ńsì. Ẹ ya sí ìgboro, ẹ gbé páálí. N ò bá yín jà lórí ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá fi ọdún méjì náà sá kiri wọ́ọ̀dù mẹ́rin, tí kò gbélé nínú ọ̀kankan, kí ló fẹ́ lọ fi han àwọn aláwọ̀ funfun? Ẹ bi àwọn tó ti lọ. Ní ICU ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan sí aláìsàn kan ni bí ẹ̀rọ bá ń bá aláìsàn náà mí, wọn kì í sì í ka ẹni tuntun mọ́ iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn ni yóò máa tọ̀. Ẹ̀yin fẹ́ fo èyí nílé, kí ẹ sì pè é ní ìrírí. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná! Tí ó bá jẹ́ ẹnu yín nìkan ni yóò jó, n kì bá tí kọ lẹ́tà.

Ẹ má jókòó ti ọ̀rọ̀ pé “wọ́n ní kí n lọ ni”. Bí in-charge, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù, bá fẹ́ fi yín nìkan sí iṣẹ́ alẹ́ níbi tí wọn kò tíì kọ́ yín, ẹ sọ pé ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fún súpábáísọ̀ ọjọ́ náà ní ẹ̀dà kan. Wọn yóò pè yín ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìwádìí kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ẹ̀rí, ohun tí ẹ kọ ni wọn yóò kà.

Ọ̀dọ̀ in-charge tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ìwé àyípadà ti kọ́kọ́ gbà kọjá. Kò sí ohun tó ń bí wa nínú tó kí a gbọ́ nípa ọmọ wa lẹ́nu àwọn ará ọ́fíìsì. Bí ẹ bá sì fẹ́ kúrò, ẹ fa iṣẹ́ lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ bí ọmọlúàbí: aláìsàn tí egbò ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń jinná, ẹ sọ ohun tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́; ìyá tí kì í gba oògùn àyàfi bí ẹnì kan bá bá a ṣe àwàdà, ẹ sọ ọ́. Àwọn wọ̀nyí kì í wọ ìwé ríìpọ́ọ̀tù.

Nípa kọ́kọ́rọ́: ẹ má gbà á láìka ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló ń fà á lé yín lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ pé mọ́tò fẹ́ fi í sílẹ̀.

Ẹ sì kọ́ ohùn ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá ké, aláìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń gbé, ẹ wo ètè rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tọ rọ́bà láti ẹnu rẹ̀ títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Báágì Ambu, tí a fi ń fi ọwọ́ fẹ́ èémí sí aláìsàn, gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ẹ má tì í mọ́ dírọ́ọ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ báyìí, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ kejì.

Ẹ̀yin in-charge, ọ̀rọ̀ kàn yín náà. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kò tó. Ara ohun tí ẹgbẹ́ wa torí ẹ̀ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Keje ọdún 2025 nìyẹn, kí ìjọba gba nọ́ọ̀sì sí i. Síbẹ̀, ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí a fi ń dí ihò off-duty, ìwé tí a fi ń pín iṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí ẹni tó mọ iṣẹ́ fi tì í, ẹ pe ọ̀gá àgbà lóru, ẹ jẹ́ kí oorun ọ̀gá dàrú.

Lísìtì àyípadà tuntun ń bọ̀ lópin oṣù, mo mọ̀ pé púpọ̀ yín ti kọ̀wé. Kí ó tó jáde, ẹ lo ọjọ́ ìsinmi yín kan. Ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ lọ sí wọ́ọ̀dù tí ẹ ń tọrọ, ẹ bẹ in-charge ibẹ̀ kó jẹ́ kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan láti àárọ̀ títí wọn yóò fi gba iṣẹ́ ọ̀sán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ta ni yóò kọ́ yín, fún ọ̀sẹ̀ mélòó, ta ni ẹ ó sì jọ wà ní iṣẹ́ alẹ́. Bí kò bá rí èsì fún ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ẹ lọ gba ìwé yín padà ní ọ́fíìsì títí di ìgbà tí yóò fi rí i.

Èmi ni màmá yín,
nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.