Kí Ẹ̀rọ Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Kí Á Kọ́kọ́ Ya Ilé Rẹ̀

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sí ojú ewé tí àwọn òǹkàwé ń kọ̀wé sí, nítorí àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ ní Abẹ́òkúta ń ka ìwé ìròyìn yín.

Ní ìpàdé àdúgbò wa tó kọjá, àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ dáwó jọ ra gamma camera, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara nípa oògùn onítànṣán, fún ọsibítù kan nílùú yìí. Inú wa dùn, àwọn ìyá kan tiẹ̀ dìde jó. Láti ọjọ́ náà, iye owó ẹ̀rọ ni mò ń gbọ́ ṣáá: ṣé tuntun ni ká rà àbí èyí tí wọ́n ti lò, ta ló máa bá wa gbé e kúrò ní Àpápá. Èmi nìkan ni mo béèrè yàrá tí wọ́n máa gbé e sí. Èsì tí mo gbà ni pé sítọ́ọ̀ kan wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, pé wọ́n á kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á fi ẹ̀rọ amúlétutù kan sí i, ó parí.

Kò parí o. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Èmi kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́, mo di fọ́ọ̀mánù, mo sì fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́lé tó sì ń tún un ṣe ní ọsibítù kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí yé mi. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń bá a jà. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọ egungun, a sì ní láti gbéra lọ sí Ìbàdàn, níbi tí University College Hospital ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2006. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tá a ti jáde nílé. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kó lọ máa mu omi, kó máa tọ̀ dáadáa, kó padà wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Mo bi nọ́ọ̀sì pé ìgbà wo ni ìtànṣán náà máa bẹ̀rẹ̀, kí n lè jáde síta. Ó rọra dá mi lóhùn pé, "Bàbá, ó ti bẹ̀rẹ̀. Màmá gan-an ló ń tàn. Kámẹ́rà kàn máa wò wọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi dòní. Ní ti X-ray tí gbogbo wa mọ̀, ẹ̀rọ ló ń ta ìtànṣán, ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì nìkan ló sì ń ta á. Gamma camera kì í ta ohunkóhun, àfi èyí tí wọ́n bá so CT mọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara. Oògùn tí wọ́n gún sára aláìsàn ló ń tàn, technetium-99m ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Wákàtí 6 ló ń gbà kí agbára rẹ̀ tó dín kù sí ìdajì, wákàtí 6 mìíràn kí ìdajì náà tó tún pín sí méjì. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ara, ibi yòówù tí aláìsàn bá wà, ìtànṣán wà níbẹ̀: bẹ́ǹṣì tó fẹ̀yìn tì, ilé ìtọ̀ tó wọ̀, kọ̀rídọ̀ tó gbà jáde. Ẹni tó bá wá kọ́ yàrá kámẹ́rà nìkan, tó wá lọ fi aláìsàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn aboyún tó ń dúró de nọ́ọ̀sì, ògiri tó kọ́ kò dáàbò bo ẹnì kankan.

Ọ̀nà tí aláìsàn máa rìn ló yẹ ká kọ́kọ́ yà sórí ìwé. Tó bá dé, òun àti ẹni tó sìn ín wá lè jókòó pọ̀ níwájú. Wọ́n á wá pè é sí yàrá abẹ́rẹ́. Yàrá abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ fara ti yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn, kí fèrèsé kékeré kan wà láàárín tí wọ́n á máa gbà na abẹ́rẹ́ síra wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa gbé oògùn onítànṣán gba àárín èrò kọjá. Bí wọ́n bá ti gún un tán, kò tún gbọdọ̀ padà síwájú mọ́. Ibòmíràn ni yóò ti dúró, tòun ti ilé ìtọ̀ tirẹ̀, níbi tí aboyún àti ọmọdé kì í dé. Ibẹ̀ ni yóò gbà wọ yàrá kámẹ́rà, yóò sì gba ilẹ̀kùn mìíràn jáde sílé. Ọ̀rọ̀ ilé ìtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi lọ tọ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta náà, ìtọ̀ yẹn ló sì ń kó oògùn jáde lára.

Ní ti ògiri, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni. Búlọ́ọ̀kù tí à ń fi kọ́lé káàkiri Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ ti ínṣì 6 tàbí ti 9, oníhò ni. Ojú ènìyàn rí ògiri tó nípọn ní ínṣì 9, ṣùgbọ́n níbi tí ihò wà, kò ju awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ìtànṣán máa là kọjá lọ. Tó bá jẹ́ búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fẹ́ lò, kí wọ́n máa rọ kọnkéré kún ihò rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n sì máa fi irin gún un kí òfìfo má baà ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Tàbí kí wọ́n kúkú da kọnkéré ní odidi. Bó bá jẹ́ òjé ni wọ́n fẹ́, ti technetium kò ṣòro, nítorí òjé tí kò tó mìlímítà kan ti ń gé e sí ìdajì. Ṣùgbọ́n òjé wúwo, ó sì rọ̀. Bí kò bá sí pákó tó gbé e lẹ́yìn, yóò máa wọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àlàfo yóò sì ṣí lókè níbi tí ojú kò tó. Wọn kò sì gbọdọ̀ gbàgbé ilẹ̀kùn. Mo ti rí ibi tí ògiri ti ní òjé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ pákó lásán.

Ibì kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. A to òjé sínú ògiri yàrá X-ray, a rẹ́ ẹ, ó dán gbinrin. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí àwọn oníná fi dé, wọ́n gbẹ́ ògiri náà láti ri páìpù wáyà. Ẹni tó wá fi amúlétutù sí i náà lu ihò kan já síta. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òjé wà níbẹ̀, àwòrán tó yẹ kí wọ́n wò kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ dé, ilẹ̀kùn kò gbà á, a tún fi òòlù fọ́ ògiri tí ọwọ́ wa kọ́. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Gamma camera lè wọn tọ́ọ̀nù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n wọn ọ̀nà tó máa gbà wọlé láti ibi tí ọkọ̀ akẹ́rù máa dúró sí títí dé ibi tó máa jókòó sí, kọ̀rídọ̀ àti kọ́nà rẹ̀ gbogbo. Bó ṣe yẹ kí yàrá tóbi tó wà nínú àwòrán tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà máa ń kó ránṣẹ́. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a rẹ́ ògiri kankan kí a tó mọ ẹ̀rọ tí à ń rà.

Ẹnì kan ní ìpàdé ní kí a kúkú ra PET, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ka ìtànṣán oògùn lára aláìsàn, tó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n, ẹ má ṣe é. Agbára ìtànṣán tirẹ̀ lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti technetium. Òjé nǹkan bíi mìlímítà 4 sí 5 ló tó gé e sí ìdajì, nítorí náà yàrá tí a kọ́ fún gamma camera kò lè gbà á. Oògùn tí wọ́n sì máa ń lò jù fún un, fluorine-18, ìṣẹ́jú 110 péré ni agbára rẹ̀ fi ń dín kù sí ìdajì. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe oògùn náà kò gbọdọ̀ jìnnà.

Ti technetium sàn díẹ̀. Nínú àpótí kan tí wọ́n fi òjé bò ni molybdenum-99 wà, òun ló ń bí technetium, wọ́n á sì máa fún un láràárọ̀ bí ẹni ń fún wàrà màlúù. Wákàtí 66 ni molybdenum fi ń dín kù sí ìdajì. Bí àpótí náà bá sùn ní pápákọ̀ òfurufú Èkó fún ọjọ́ kan péré nítorí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń po oògùn gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó kọjú sí ọ̀nà ọkọ̀, kí àpótí lè wọlé ní ìdájí láìgba ààrin wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí yàrá kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́ wà, fún ìbọ̀wọ́, òwú àti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò. Tí technetium bá lo wákàtí 60 níbẹ̀, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.

Ìlú wa náà ní tirẹ̀ láti bi wá. Orí òkè àti òkúta la wà. Ilé tó jẹ́ ìsàlẹ̀ tí ẹ bá ti ojú títì wò ó lè ní yàrá mìíràn lábẹ́ rẹ̀ lápá ẹ̀yìn, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́. Mo mọ ọsibítù tó rí bẹ́ẹ̀ níbí. Ara aláìsàn ń tàn sókè, ó ń tàn sísàlẹ̀, nítorí náà kí wọ́n bojú wo ẹni tó jókòó sábẹ́ dẹ́kìn àti ẹni tó sùn lókè rẹ̀. Ibi tó dára jù ni orí ilẹ̀ gan-an, òkúta wa á sì gbé ẹ̀rọ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n òkúta yẹn kan náà kì í jẹ́ kí a gbẹ́ sọkẹ́wéè síbi tó bá wù wá, páìpù ilé ìtọ̀ á wá máa yí kiri. Kò gbọdọ̀ yí gba orí ilé ìdáná tàbí orí àjà wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé.

Gíráníìtì tí wọ́n fọ́ ní kúárì ló wà nínú kọnkéré wa, gíráníìtì sì ní yúréníọ̀mù, tóríọ̀mù àti pọtásíọ̀mù díẹ̀ nínú. Kò yẹ kí èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Orí òkúta yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ti di bàbá àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán tó kéré jọjọ yóò ka ti ògiri mọ́ ti aláìsàn. Kí onímọ̀ físíìsì ìṣègùn kọ́kọ́ wọn iye tó wà lórí ilẹ̀ náà àti lára òkúta tí a fẹ́ lò, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí oògùn bá dà sílẹ̀, wọ́n á lè mọ èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ àti èyí tó yẹ kí wọ́n nù kúrò. Nítorí kí ó lè ṣeé nù náà ni táìsì tí à ń fẹ́ràn kò fi yẹ níbẹ̀. Àárín táìsì ń mu omi. Rọ́bà ilẹ̀ tí kò ní ojú ìránpọ̀, tó gun ògiri díẹ̀, ló yẹ.

Ti iná nìkan ló ń bà mí lẹ́rù gan-an. Kírísítà tó wà nínú kámẹ́rà náà, tó ń gba ìtànṣán, kì í fẹ́ kí ooru yàrá yí padà ju nǹkan bíi dígíríì 3 lọ ní wákàtí kan. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè là, owó rẹ̀ kò sì kéré. Gbogbo wa la mọ oòrùn oṣù Kẹta níbí. Bí iná bá lọ ní òru Sátidé tí kò sí ẹni tó máa tan jẹnẹrétọ̀, amúlétutù á kú, yàrá á gbóná, kírísítà á sì là kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó mọ́. Amúlétutù méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ni kí wọ́n rà, àti jẹnẹrétọ̀ tó ń tan ara rẹ̀, kí owó dísù rẹ̀ sì wà nínú owó tí à ń dá yìí.

Òfin kò fi wá sílẹ̀ láìsí atọ́nà. Láti 1995 ni òfin ààbò ìtànṣán ti wà ní Nàìjíríà, àjọ NNRA tó ń mú un ṣẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Òṣìṣẹ́ tó ń lo ìtànṣán kò gbọdọ̀ gba ju millisievert 20 (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara) lọ lọ́dún, tí wọ́n bá pín ti ọdún márùn-ún dọ́gba. Ẹni tó kàn ń kọjá lọ níta kò gbọdọ̀ gba ju 1 lọ lọ́dún. Orí nọ́ńbà méjèèjì yìí ni onímọ̀ físíìsì ti máa ń ṣírò bí ògiri kọ̀ọ̀kan ṣe máa nípọn tó. Iṣẹ́ ìṣírò ni, kò sí bíríkìlà tó lè fojú díwọ̀n rẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó.

Abẹ́òkúta yẹ fún ẹ̀rọ yìí. Láti 1895 ni ọsibítù Sacred Heart ti ń gba aláìsàn ní Láńtòrò, kò sì yẹ kí ìyá tó ń jẹ̀rora egungun máa jí rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wa ni pé kí owó tó bá kọ́kọ́ wọlé lọ sọ́wọ́ onímọ̀ físíìsì àti ayàwòrán ilé, kí a gbé àwòrán wọn tọ NNRA lọ, kí a tó san kọ́bọ̀ kan lórí ẹ̀rọ.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa. Mo ti gba àyè lọ wọn sítọ́ọ̀ ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù yẹn. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni, ilé ìtọ̀ kan ṣoṣo ló wà nítòsí, ògiri kan náà sì ni òun àti yàrá ìtọ́jú àwọn aboyún jọ ní. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, mo sì máa mú un dání lọ sí ìpàdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Fọ́ọ̀mánù tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìtokò, Abẹ́òkúta.